Bí Dókítà Rogatien Ṣe Di Ìyàwó Délégé

Nígbà tí gbogbo ènìyàn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ kámárádì, láti orí ẹni tó ń ṣèlú títí dé orí ẹni tó ń ta ẹ̀pà sísè, pátákó dúdú kan wà lára ògiri ní Adja-Ouèrè, níwájú ọjà, lábẹ́ igi mángòrò ńlá. Ògiri ilé ìkẹ́rùsí àwọn àgbẹ̀ ni. Wọ́n kọ́ ilé náà kí wọ́n lè máa kó àgbàdo sí i, àmọ́ àgbàdo kò tíì débẹ̀ rí. Alángbá ló ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì pọ̀ débi pé Ìyábùnmi ẹlẹ́pà, tó máa ń pàtẹ sídìí mángòrò, sọ pé àwọn náà ti dá ìgbìmọ̀ ìyípadà tiwọn sílẹ̀.

Fábọ̀dé ló ṣe pátákó náà.

Ọmọ Oko-Akarè ni Fábọ̀dé. Ìṣirò ló ń kọ́ ní yunifásítì ní Calavi, kí ìjọba tó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ máa kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ìgbèríko fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n dá a padà sẹ́bàá ilé, inú rẹ̀ sì dùn sí i, àmọ́ ara rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Tó bá ti kọ́ àwọn ọmọ tán, kò mọ ohun tí yóò fi orí ara rẹ̀ ṣe. Á ka òkúta ojú ọ̀nà. Á tú rédíò onírédíò palẹ̀ kó lè rí ibi tí ohùn ń gbà wọlé. Nígbà tí kò sí rédíò kankan mọ́ ní àdúgbò tí olówó rẹ̀ lè fà lé e lọ́wọ́, ó kó àwọn bátìrì tó ti kú jọ, ó gún dúdú inú wọn, ó pò ó mọ́ èédú àti ògì gbígbóná, ó sì fi kun ògiri náà ní àkùntúnkùn títí ó fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó wá kọ àdììtú kan sórí rẹ̀, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: *Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó wá kọ ọ́.* Ó fi ṣọ́ọ̀kì sínú agolo tòmátì, ó so agolo náà mọ́ ìṣó.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ọjọ́ ọjà bá ti pé, àdììtú tuntun ti dé. Ẹni tó ń ti Kpoulou gbé igi ìdáná bọ̀ á sọ ẹrù kalẹ̀, á ka pátákó. Ẹni tó ń ti Tatonnonkon kó gbágùúdá bọ̀ á dúró, á máa fi ìka ka nǹkan lójú afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kọ ni, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àgbà lédè wọn, ara ògiri yìí sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nǹkan tí ẹlòmíì máa kà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ á bẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ. Oníkálukú á kọ ìdáhùn rẹ̀, á kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ẹni tí kò bá gbà á á sì kọ tirẹ̀ sábẹ́.

Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Fábọ̀dé kọ ọ́ pé: *Aránṣọ kan ní aṣọ mítà mẹ́wàá. Mítà kan ló ń gé lójúmọ́. Ọjọ́ wo ló máa gé e kẹ́yìn?* Kàsímù, aránṣọ tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lódìkejì ọ̀nà, kò tilẹ̀ jókòó rò ó. Ta ló tún fẹ́ kọ́ òun ní aṣọ gígé? Ó kọ ọ́ gàdàgbà: *Ọjọ́ kẹwàá. Kàsímù.*

Rogatien tó ń ṣiṣẹ́ ní dispansérì, ẹni tó ń gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ tí gbogbo ìlú sì ń pè ní Dókítà, dé lọ́sàn-án, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: *Kámárádì Kàsímù, tó bá ku mítà méjì, ìgé kan ṣoṣo ló ń là wọ́n. Ọjọ́ kẹsàn-án ni. Tó bá jẹ́ pé ojú ló ń dùn ọ́, oògùn ojú wà lọ́dọ̀ wa.*

Kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, Kàsímù ti fèsì: *Kámárádì Rogatien, orí rẹ dà bí garawa òfìfo, ariwo nìkan ló wà níbẹ̀.*

*Kámárádì Kàsímù, ẹni tó rán ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì fún Bàbá Fábíyì, kò yẹ kó sọ̀rọ̀ láwùjọ.*

*Kámárádì abẹ́rẹ́ kíkújú!*

Ohun tó ya Fábọ̀dé lẹ́nu ni pé tí àwọn méjèèjì bá pàdé lójú ọ̀nà, wọn kì í sọ irú rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà." "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá aránṣọ. Ilé ńkọ́?" Wọ́n á béèrè ìyá, wọ́n á béèrè iṣẹ́, oníkálukú á bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ tí wọ́n bá kọjú sí ògiri, kò sí ojú ẹnì kankan níwájú wọn, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ẹnu kò jẹ́ sọ láé. Àwọn mìíràn sì kọ́ ọ lára wọn. Láìpẹ́, ènìyàn á ka pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó rí ìdáhùn ẹyọ kan láàárín èébú.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Délégé dé. Ògúnsànyà lorúkọ rẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ìlú lójú ìjọba Ìyípadà, ọkùnrin alágbára tí ohùn rẹ̀ máa ń ti ọjà dé mọ́ṣáláṣí láìlo ẹ̀rọ kankan. Ó dúró síwájú pátákó, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Èhúzù!" ló fi kí wọn, ìkíni àwọn ará Ìyípadà, pé nǹkan ti yí padà.

"Dándan!" ni àwọn tó wà lábẹ́ mángòrò fi dáhùn.

"Mẹ́tìrì," ó yíjú sí Fábọ̀dé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe olùkọ́ níbẹ̀, "kí ni 'abẹ́rẹ́ kíkújú'?"

"Bàbá, àwọn kan ló ń…"

"Mo mọ àwọn tó ń. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé wọn. Gbọ́ mi. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Pobè lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ wo bí àwọn àgbà wa ṣe mọ̀wé tó. Ògiri yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Kí ni kí n sọ fún wọn? Pé a kọ́ wọn ní á, bí, dí, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n kọ pé orí ẹnìkan dà bí garawa?" Ó nawọ́ sí ilé rẹ̀. "Mo ti ní kí wọ́n po ẹfun sínú garawa, èyí tí a máa fi kun ìdí àwọn igi nítorí àlejò. Tí mo bá rí èébú kan ṣoṣo níbí lọ́jọ́ náà, ògiri yìí ni màá kọ́kọ́ kùn. Á funfun báláú. A ó kọ 'Ìjà ń tẹ̀síwájú' sí i, ó parí."

Ó lọ. Fábọ̀dé dúró, ó ń wo pátákó rẹ̀. Tí wọ́n bá fi ẹfun kùn ún, ìdí kíka òkúta ojú ọ̀nà lòun máa padà sí. Èyí kò tilẹ̀ dùn ún tó ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ orúkọ ara wọn. Níbo ni wọ́n tún máa ti rí ẹni tó máa ka tiwọn?

Ó ronú sí i bí ẹni ń ronú sí àdììtú. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni òfin. Ó pín pátákó sí méjì, ó kọ òfin kún apá òkè: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bú ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe ẹnikẹ́ni ní ẹranko, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí àyè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kù fún àdììtú fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá a níbẹ̀ pé: *Mi ò pe Kámárádì Rogatien ní ẹranko. Mo kàn ń bi í bóyá ó ti jẹ koríko láàárọ̀ yìí ni.*

Lábẹ́ rẹ̀: *Òfin kò sọ nǹkan kan nípa garawa. Nítorí náà, Kámárádì Kàsímù, garawa ni ọ́.*

Ẹnìkan tí kò kọ orúkọ rẹ̀ fi kún un pé: *Ẹ̀yin méjèèjì ti rú òfin, ẹ̀yin òmùgọ̀.*

Fábọ̀dé nu òfin kúrò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í nu èébú. Tó bá ti kúrò ní kíláàsì, á sáré wá pẹ̀lú àkísà ọ̀rinrin, á pa eléyìí rẹ́, á fi tọ̀hún sílẹ̀. Ìyẹn ló wá burú jù. Kò sí ẹni tó ń ka ìdáhùn mọ́, ibi tí àkísà ti kọjá ni gbogbo ènìyàn ń wò.

"Kí ló wà níbí?" ni wọ́n máa ń bi Ìyábùnmi.

"Ẹ ra ẹ̀pà ná," ni yóò sọ, "kí n lè rántí."

Ohun tó sì máa ń rántí máa ń dùn ju ohun tí wọ́n kọ lọ. Kàsímù ní tirẹ̀ mú ṣọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ tó fi ń sàmì sí aṣọ, ó kọ tirẹ̀ sára ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí, ó ní ilẹ̀kùn kì í ṣe pátákó, ọwọ́ Mẹ́tìrì kò débẹ̀.

Ọjọ́ ọjà tó ṣáájú èyí tí àlejò ń bọ̀ pé. Àárẹ̀ ti mú Fábọ̀dé. Ó kọ àdììtú tó rọrùn, bóyá ìjà á rọrùn pẹ̀lú: *Ìyá kan bí ọmọkùnrin mẹ́ta. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní àbúrò obìnrin kan. Ọmọ mélòó ni ìyá náà bí?* Ó lọ kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tó padà dé, èrò ti pé síwájú pátákó, àmọ́ wọn ò rẹ́rìn-ín ẹ̀sín. Ṣe ni wọ́n ń wo ara wọn.

Kàsímù ti kọ ọ́ pé: *Ọmọ mẹ́fà.* Lábẹ́ rẹ̀, ẹnìkan fi lẹ́tà ńláńlá tó ń gbọ̀n díẹ̀ kọ ọ́ pé:

*Ọkọ mi Afínjú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdáhùn yín dára bí aṣọ tí ẹ rán. Ó kàn fẹ̀ díẹ̀ lára ni. Èmi rò pé ọmọ márùn-ún ni. Èmi ìyàwó yín.*

"Ta ni Afínjú?" ni ẹnìkan béèrè.

"Ta ni ìyàwó?" ni ẹlòmíì béèrè.

Kàsímù rí èrò láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó dìde, ó ti mú ṣọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ lọ́wọ́. "Ta ló tún wá bú mi? Ẹ yà fún mi!" Ó dé iwájú ògiri, ó kà á, ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú afẹ́fẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é ní Afínjú láyé yìí. Àmínátù ni, ìyàwó Sàlámì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n gbé wá láti Kpoulou lẹ́yìn ìkórè, tí ìyá Kàsímù sì fẹ́ràn débi pé ìyá fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹran kún ọbẹ̀ fún un. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Gbogbo wọn, àgbà àti ọmọdé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Ó ní láti fún oníkálukú wọn lórúkọ tó dùn gbọ́, èyí tó bá rí pé ó yẹ wọ́n.

"Ó yá, fèsì," ni Ìyábùnmi wí. "Bú u jàre! Pè é ní garawa. Ìyá rẹ ń bọ̀ wá ra ẹ̀pà lọ́sàn-án, màá kà á fún un."

"Ìyábùnmi, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Mo kàn ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ni."

Kàsímù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó kọ ọ́ wẹ́wẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí i: *Ìyàwó wa, ẹ ṣeun. Màá tún un wọ̀n.*

Èrò hó yèè. Rogatien kọjá lọ́sàn-án, ó kọ ọmọ mẹ́rin, nítorí obìnrin kan náà ni àbúrò gbogbo wọn; bó sì ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ nígbà tó ka ohun tó wà lókè, kò mọ irú èébú tó lè fi sí i tí kò ní dà bíi pé ó da omi ìdọ̀tí sílé onílé. Ó fi ìdáhùn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Fábọ̀dé lọ bá Àmínátù níbi tó ti ń sá gbágùúdá.

"Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́. Kí ló dé tí ẹ kò kọ orúkọ Kàsímù?"

Ó wo olùkọ́ bíi pé orí rẹ̀ kò pé. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́? Wọ́n ti bí i sílé kí n tó dé."

"Tó bá wá ṣe ohun tó bí yín nínú ńkọ́? Orúkọ wo lẹ máa pè é?"

"Afínjú náà ni." Ó yí gbágùúdá kan sódì. "Tí inú bá bí mi gan-an, orúkọ náà á kàn gùn sí i ni. Lánàá ó da epo ẹ̀rọ sórí ẹní mi. Mo ní, Afínjú-ọkọ-mi-tí-í-rìn-bí-ẹni-tẹ-ẹyin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò."

"Ó gbé e?"

"Ó bá mi fọ ẹní náà."

Fábọ̀dé kò rántí bó ṣe dágbére. Ó ń rìn, ó ń fi ọwọ́ lu itan. Òfin sọ ohun tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ wí. Gbogbo ọgbọ́n àwọn ènìyàn yìí sì lọ sórí bí wọ́n ṣe máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àmọ́ kí ènìyàn tó lè sọ ẹlòmíì lórúkọ bí ìyàwó ilé, ó ní láti kọ́kọ́ wò ó títí á fi rí ohun kan tó dára lára rẹ̀. Tó bá fi máa rí i, ìbínú ti rọ̀ díẹ̀. Kámárádì kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kámárádì wọ ẹni gbogbo, bíi fìlà tí wọ́n rán láìwọn orí ẹnì kankan.

Ó nu pátákó mọ́ tónítóní, ó kọ ìlà kan ṣoṣo sókè: *Ẹni tó bá fẹ́ ta ko ẹnìkan níbí, kó pè é bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọ ilé. Ẹni tí wọ́n pè ni kó wá ara rẹ̀ rí.*

Gbólóhùn ìkejì yẹn, òun gan-an ló fẹ́ràn rẹ̀ jù, nítorí ó sọ àdììtú kan di méjì. Kò pẹ́ tí orúkọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Adúmáradán. Eyín-fún-jowó. Agánrán-ojú-ọjà, tí Ìyábùnmi kọ́kọ́ fẹ́ bínú sí kó tó gbà pé ohùn òun ló dùn ún gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn á dúró, wọ́n á máa béèrè, "Ta ni wọ́n ń bá wí?" Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ni á rìn jìnnà díẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín.

Ti Kàsímù ló pẹ́ jù. Rogatien tún ta kò ó, ó sì pè é ní Afínjú gẹ́gẹ́ bí Àmínátù ṣe pè é. Ó wá ku kí Kàsímù wá orúkọ fún Rogatien. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò rán nǹkan kan, ó ń wo ọ̀nà dispansérì. Nígbà tó yá, ó rántí ìgbà tí ibà dá ìyá rẹ̀ wó, tí Rogatien gún un lábẹ́rẹ́ tán, tí ìyá ṣì ń béèrè ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀. Ó sọdá ọ̀nà, ó kọ ọ́ pé: *Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀, ẹ kú ìtọ́jú wa. Ìdáhùn yín kò tíì kú, ó kàn ń ṣàìsàn díẹ̀ ni.*

Rogatien kà á. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

Délégé náà ń wá lójoojúmọ́ láti wá èébú. Kò rí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níbẹ̀. "Adúmáradán yìí, ṣé ọmọ Àbúdùlàhí ni? Àbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀?" Ìyábùnmi á fún un ní ẹ̀pà, á ní òun kò mọ̀. Nígbà tí àlejò ku ọ̀la, Fábọ̀dé kọ àdììtú tuntun: *Ọ̀pẹ kan ga ní ọ̀pá mẹ́wàá. Ìgbín ń gùn ún: ọ̀pá mẹ́ta lọ́sàn-án, á yọ̀ wálẹ̀ ní ọ̀pá méjì lóru. Ọjọ́ wo ló máa dé òkè?* Délégé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú ṣọ́ọ̀kì. *Ọjọ́ kẹwàá. Kámárádì Ògúnsànyà, Délégé.*

Gbogbo ènìyàn ló rí i. Àwọn tó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí àlejò kọ́kọ́ lọ ná.

Àmọ́ Rogatien kò sí nílé nígbà tí wọ́n ń pinnu ìyẹn. Tatonnonkon ló wà, ó ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ó ka pátákó, inú rẹ̀ dùn pé òun mọ ọ́n. Ọmọ Ègùn ni Rogatien, ilé àwọn fadá ní Àjàṣẹ́ ló sì ti dàgbà, níbi tí kò sí ìyàwó kankan. Bí Àmínátù ṣe kọ tirẹ̀ nìkan ló mọ̀ nípa bí ìyàwó ilé ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì rò pé ohun tí òfin ń béèrè ni kéèyàn kọ ọ́ pé pérépéré, láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ó kọ ọ́ dáadáa, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí Fábọ̀dé fi máa jáde ní kíláàsì, àwọn àlejò ti dé. Ó rí ọkọ̀ wọn lábẹ́ mángòrò. Ó rí garawa ẹfun nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, búrọ́ọ̀ṣì dùbúlẹ̀ lé e lórí. Ó rí Délégé tó dúró ṣinṣin nínú aṣọ tuntun tí Kàsímù rán fún un, àti obìnrin kan tó mú báàgì awọ lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní Kámárádì Pélagie, òun ni olórí àwọn àlejò. Obìnrin náà ń ka pátákó sókè, ó ń rọra kà á kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"'Ọkọ mi Olóhùn-iyọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ìdáhùn yín tóbi bíi yín, àmọ́ ó ga ju ọ̀pẹ lọ. Ọjọ́ kẹjọ ni ìgbín á dé òkè, kò sì ní yọ̀ wálẹ̀ mọ́. Èmi ìyàwó yín.'" Ó yíjú. "Kámárádì Délégé, abẹ́ ìdáhùn yín ni wọ́n kọ èyí sí. Ẹ̀yin ni Olóhùn-iyọ̀?"

Délégé sún mọ́ ògiri, ó ń wo ìkọ̀wé náà.

"Ìyàwó yín ló kọ ọ́?"

Gbogbo ìlú mọ ìkọ̀wé náà. Lẹ́tà wíwọ́ bí èyí tó máa ń wà lára páálí oògùn. Àmínátù fi ìborí bo ẹnu. Ìyábùnmi fi orí pamọ́ sẹ́yìn àwo ẹ̀pà, èjìká rẹ̀ ń mì. Ní ti Fábọ̀dé, kò rẹ́rìn-ín. Garawa ẹfun ló ń wò.

"Ta ni ìyàwó mi?" ni Délégé béèrè, ohùn rẹ̀ sì dé mọ́ṣáláṣí.

Ọwọ́ kan nà sókè lẹ́yìn èrò. Rogatien jáde wá pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Wọ́n… wọ́n ní ká kọ ọ́ bí ìyàwó ilé."

Ìgbà yẹn ni òye ohun tó kọ yé e. Ó wo ilẹ̀ bíi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ gba òun sínú.

Délégé ń wò ó. Ojú rẹ̀ kò tíì sọ ibi tó máa yà sí. Fábọ̀dé la ẹnu láti gba ẹ̀bi náà, àmọ́ ẹlòmíì ti sọ̀rọ̀. Kàsímù ni. Ó ti la èrò kọjá, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fi orúnkún kan kanlẹ̀ níwájú Délégé gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ilé ṣe máa ń bẹ̀bẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ àkọ́sè ìyàwó tuntun bá jóná.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìyàwó tuntun ni. Kò tíì mọ ilé."

Lẹ́yìn náà, ohun kan bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn Délégé, ó gun àyà, ó bọ́ síta, àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí mángòrò. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kámárádì Pélagie di ògiri mú. Àmínátù jókòó sílẹ̀.

"Kò tíì mọ ilé!" ni Délégé ń wí. "Kàsímù, o gbà mí! Dìde, dìde. Ìyàwó mi, sún mọ́ mi." Ó gbé apá lé Rogatien léjìká. "Ṣé o mọ ọbẹ̀ sè?"

"Rárá, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò níí jóná." Ó yíjú sí ògiri. "Ọjọ́ kẹjọ, o ní? Kí ló dé?"

Rogatien gbá òógùn nù. Ohùn rẹ̀ ṣì kéré, àmọ́ ó ṣàlàyé pé lẹ́yìn ọjọ́ keje, ìgbín ti wà ní ọ̀pá méje. Tó bá gun mẹ́ta sí i lọ́jọ́ kẹjọ, ó ti dé òkè, kò sí òru tó máa fà á wálẹ̀ mọ́. Délégé ń ka ìka rẹ̀. Ó kà á dé mẹ́jọ, ó dúró.

"Òótọ́ ni," ó wí. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà sórí ìdáhùn rẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ pé: *Ìyàwó mi Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀, mo gbà.*

Kámárádì Pélagie béèrè ìdí tí kò fi sí kámárádì púpọ̀ lára ògiri yìí. Délégé ní gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé wọ́n ti mọ ara wọn ni. Obìnrin náà rò ó wò, ó béèrè ṣọ́ọ̀kì, ó ní òun náà ní ìdáhùn tó fẹ́ kọ nípa ìgbín, àmọ́ òun kò tíì mọ orúkọ ẹnì kankan níbí. Wọ́n bu ẹ̀pà fún un, wọ́n ní kó jókòó, á mọ̀ ọ́n.

"Mẹ́tìrì!" ni Délégé pè. "Àbí kí ni mo ń pè ọ́? Ẹsẹ̀-kì-í-gbélé! Gbé garawa ẹfun yìí kúrò lẹ́sẹ̀ mi, kí o lọ fi kun ìdí àwọn igi."

Fábọ̀dé gbé e. Kò rìn, ṣe ló ń sáré pẹ̀lú rẹ̀, ẹfun ń ta sí i ní ṣòkòtò. Ó kun ìdí mángòrò, ó kun ìdí àwọn igi ojú ọ̀nà dispansérì. Bó ṣe ń kùn ún ló ń ronú àdììtú ọjọ́ ọjà tó kàn.

Láti ọjọ́ yẹn, Rogatien kò lè kọjá lọ́jà láìjẹ́ pé ẹnìkan pè é: "Ìyàwó wa! Kí lẹ sè lónìí?" Ó kọ́kọ́ ń tijú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àbíkẹ́yìn Délégé, ọmọbìnrin tí kò tíì lè rìn dáadáa, ta gọ́ọ́gọ́ọ́ wọ dispansérì, Rogatien sì kúnlẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Níbo ló ń dùn yín?"